Ẹ Fẹ́ Pàgọ́ ní Ìlú Ọba Nígbà Òtútù? Ẹ Gba Ibí

Bí oṣù kẹwàá bá ti ń lọ sópin báyìí, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń bi mí: "Ṣé a ṣì lè lọ pàgọ́, àbí ó di ọdún tó ń bọ̀?" Ẹ lè lọ. Owó ibùdó sábà máa ń wálẹ̀ lásìkò yìí, ẹ kò ní bá ẹnikẹ́ni du ààyè, kòkòrò tó ń jẹni tí wọ́n ń pè ní midge, tó máa ń lé èèyàn sá ní Scotland nígbà ooru, sì ti lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn wa tú àgọ́ lóru, kí wọ́n sáré wọ mọ́tò, kì í sábà jẹ́ òtútù inú afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n sùn lé ló ń fa ooru ara wọn, ọ̀rinrin ti wọ aṣọ wọn, ilẹ̀ sì ti ṣú mọ́ wọn lórí kí wọ́n tó kan èèkàn àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti múra sílẹ̀ de ilẹ̀, ọ̀rinrin àti òkùnkùn, ìwọ̀nba òtútù tó kù, súwẹ́tà á bá a yanjú rẹ̀.

Ìgbà tí mò ń sọ ni láti ọjọ́ tí wọ́n bá dá aago padà ní ìparí oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù kẹta.

## Ẹ kọ́kọ́ mú ibi tí ẹ máa sùn

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ wo ẹni tó ń bá yín lọ ná. Mo to àwọn ibi wọ̀nyí láti orí èyí tó rọrùn jù dé orí èyí tó le jù. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ má kọjá ìkẹrin.

1. Pod. Ilé pákó kékeré ni, ó ní ilẹ̀kùn tó ṣe é tì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní iná mànàmáná àti hítà. Èyí ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ní ọmọ kékeré, tàbí tó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé lọ wo òkè àti odò. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó bóyá bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ ibùsùn wà níbẹ̀, nítorí òmíràn kò ju pákó lásán lọ, ẹní tiyín lẹ máa tẹ́. Ẹ béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà pẹ̀lú.

2. Họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹgbẹ́ YHA ní tirẹ̀ ní England àti Wales, ẹgbẹ́ Hostelling Scotland ní tirẹ̀ ní Scotland. Ẹ lè gba yàrá fún ìdílé yín nìkan, ẹ lè se oúnjẹ yín ní kíṣìnnì wọn, ọ̀pọ̀ sì ní yàrá tí wọ́n ń sá aṣọ tutù sí. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni pé nígbà òtútù, àwọn míì kì í ṣí láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn míì sì máa ń gbé gbogbo ilé fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn kan á ní èyí kì í ṣe ìpàgọ́. Ẹ dá wọn lóhùn nígbà tí aṣọ yín bá ti gbẹ.

3. Campervan. Mọ́tò tí èèyàn ń sùn sínú rẹ̀ ni. Owó rẹ́ǹtì rẹ̀ máa ń dínkù nígbà òtútù. Ẹ rí i pé ó ní hítà tó lè ṣiṣẹ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń tú omi inú táǹkì dànù hàn yín, torí omi tó bá dì sínú páìpù lè bẹ́ ẹ. Ẹ má rò pé ẹ̀tọ́ àtipàgọ́ níbi gbogbo ní Scotland kan mọ́tò o. Kò kàn án.

4. Àgọ́ ní ibùdó tó ní iná. Ibí ni mo fẹ́ kí púpọ̀ nínú yín ti bẹ̀rẹ̀, òun sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Ẹ wà nínú àgọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi gbígbóná wà nítòsí, mọ́tò yín sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí nǹkan bá yí padà.

5. Bothy. Ilé àtijọ́ tó wà lórí òkè tàbí nínú àfonífojì tó jìnnà, tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ sùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ Mountain Bothies Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965, ló ń bójú tó nǹkan bí 100 irú ilé bẹ́ẹ̀. Scotland ni púpọ̀ nínú wọn wà, díẹ̀ wà ní Wales àti àríwá England. Kò sí iná, kò sí omi ẹ̀rọ, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ kò sì lè búkì rẹ̀. Ẹ lè dé ibẹ̀ kí ẹ bá a pé ó ti kún, nítorí náà ẹ gbé àgọ́ dání. Ohun tí ẹ máa dá iná, ẹ gbé e láti ilé. Bí ẹ bá tó ẹni mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má lọ síbẹ̀.

6. Orí òkè tàbí inú igbó, láìsí ibùdó. Òfin ibi kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ní Scotland, òfin Land Reform ti 2003 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti pàgọ́ sórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ gbalasa, bí ẹ bá jìnnà sí ilé onílé, tí ẹ kò pẹ́ jù, tí ẹ kò sì fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Àwọn apá kan ní etí Loch Lomond àti Trossachs wà tí ẹ nílò ìwé àṣẹ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta sí ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kò nílò rẹ̀ títí oṣù kejì á fi parí, èyí sì jẹ́ àǹfààní kan gbòógì tí ìgbà òtútù ní. Ní England àti Wales, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Apá kan ní Dartmoor nìkan ni òfin ti gbà yín láàyè láìtọrọ àṣẹ, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù karùn-ún 2025. Ẹ wo máàpù wọn kí ẹ mọ ibi tó kàn, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí àwọn sójà ń yìnbọn, torí wọ́n ń dánra wò níbẹ̀.

## Kí ẹ tó sanwó ibùdó

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ti ìgbà ooru.

- Ṣé ẹ̀ ń gba àgọ́ lásìkò yìí, àbí campervan àti káráfáànù nìkan? (Ọ̀pọ̀ ibùdó ló ń kọ "ṣíṣí títí ọdún" síta, ṣùgbọ́n tí wọn kì í gba àgọ́ torí pé koríko wọn ti di ẹrẹ̀.)
- Ṣé koríko ni ilẹ̀ yín, àbí òkúta wẹ́wẹ́?
- Ṣé omi gbígbóná ṣì ń yọ nílé ìwẹ̀?
- Iná yín, amp mélòó ni? (Amp ló ń sọ bí iná tí wọ́n máa fún yín ṣe pọ̀ tó; mo ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀.)
- Aago mélòó lẹ̀ ń ti géètì?

Bó bá jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, mọ́tò yín kò ní rì, ṣùgbọ́n èèkàn pẹlẹbẹ tó bá àgọ́ wá kò ní wọlẹ̀. Ẹ ra èèkàn irin tó le, kí ẹ sì mú hámà dání.

## Ọ̀rọ̀ amp, kí iná má baà já mọ́ yín lọ́wọ́

Ibí ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣàṣìṣe. Iná ibùdó kì í ṣe iná ilé. Bí wọ́n bá ní 6 amp ni, gbogbo ohun tí ẹ lè tàn pọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí 1,380 watt lọ. 10 amp jẹ́ 2,300 watt, 16 amp jẹ́ 3,680. Kẹ́tù tí ẹ ń lò nílé lè fa 3,000 watt fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tàn án lórí 10 amp, iná já nìyẹn, bó bá sì jẹ́ aago mọ́kànlá alẹ́ ni, ó lè di àárọ̀ kí ẹ tó rí ẹni bá yín tún un tàn.

1. Ẹ yí kẹ́tù náà dé, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Iye watt wà níbẹ̀. Ẹ ra kẹ́tù kékeré tó ń lo nǹkan bí 1,000.
2. Fún ooru, hítà mànàmáná kékeré tí wọ́n dé òróró mọ́ inú rẹ̀, tí iye rẹ̀ wà láàárín 500 sí 800 watt, sàn ju èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná lọ. Ẹ gbé e jìnnà sí ara àgọ́ àti aṣọ. Ẹ pa á kí ẹ tó sùn.
3. Wáyà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣe fún ibùdó ni kí ẹ lò. Wáyà ilé kì í ṣe ti ìta, òjò máa wọ inú rẹ̀.
4. Ẹ tú wáyà náà sílẹ̀ tán pátápátá, bí ibi tí ẹ ti fà á kò tilẹ̀ jìnnà. Èyí tó bá ká jọ máa ń gbóná, ó sì lè yọ́.

## Ẹní ṣáájú, àpò ìsùn tẹ̀ lé e

Bí owó kò bá tó nǹkan méjèèjì, ẹní ni kí ẹ ná an lé lórí. Àpò ìsùn olówó gọbọi, bí ẹní tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá burú, òtútù á máa gbà láti ìsàlẹ̀ wọlé, nítorí ara yín ti tẹ ìsàlẹ̀ àpò náà pẹlẹbẹ, kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́ tó máa há ooru mọ́.

Ẹní tó dára máa ń ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní R-value lára, tó ń sọ bó ṣe ń dènà òtútù ilẹ̀ tó. Ti ìgbà ooru lè má ju 1 tàbí 2 lọ. Nígbà òtútù, ẹ wá 4 sókè. Ẹ kò nílò láti ra tuntun: ẹ to méjì léra, nọ́ńbà wọn á ròpọ̀. Fóòmù tó ní 2 nísàlẹ̀, èyí tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí tó ní 3 lórí, ó di 5.

Bẹ́ẹ̀dì alátẹ́gùn ràgàjì tí ẹ ń gbé jáde fún àlejò nílé, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ní nǹkan tó dá a dúró, ó kàn ń yí káàkiri ni, ó ń gbé òtútù ilẹ̀ wá bá ẹ̀yìn yín.

Lára àpò ìsùn, ẹ máa rí ìwọ̀n òtútù mẹ́ta: Comfort, Limit àti Extreme. Comfort, ìwọ̀n tí èèyàn lè sùn sí nírọ̀rùn, ni kí ẹ wò. Extreme kì í ṣe ìwọ̀n tí èèyàn ń sùn sí; ìwọ̀n kí ẹ̀mí má bọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ọlọ́jà máa ń kọ gàdàgbà. Bí wọ́n bá ní òru náà máa jẹ́ 0°C, ẹ wá èyí tí Comfort rẹ̀ jẹ́ -5°C. Bí agbára kò bá ká a, tí mọ́tò sì ń gbé yín lọ, ẹ gbé duvet láti orí bẹ́ẹ̀dì yín, kí ẹ dà á bo àpò ìsùn. Kò bójú mu nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ máa sùn.

Ti aṣọ kò gùn. Jíǹsì àti aṣọ òwú, bó ti wù kó nípọn tó, bó bá ti tutù, ó di yìnyín sí yín lára; ẹ wá wúùlù tàbí aṣọ eré ìdárayá tó ń yára gbẹ. Ẹ ya odidi aṣọ kan sọ́tọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ máa fi sùn nìkan, kí ẹ má wọ̀ ọ́ jáde rárá. Ẹ̀yin obìnrin, bónẹ́ẹ̀tì sátínì kọ́kọ́, fìlà wúùlù lé e, kí irun yín má baà gé. Kí òrí wà nínú àpò gbogbo yín fún ètè àti ọwọ́.

## Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú àgọ́

Mi ò ní fi èyí ṣàwàdà. Ẹ má gbé ohun yòówù tó ń jó wọ inú àgọ́: ìbáà ṣe sítóòfù gáàsì, hítà gáàsì, àdògán tàbí barbecue. Èyí tó burú jù ni barbecue tó jọ pé ó ti kú. Èédú tí ẹ rí tó ti funfun, tí kò pọ́n mọ́, ṣì ń tú gáàsì carbon monoxide jáde fún wákàtí púpọ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ti sùn lọ kò ní mọ̀ rárá.

- Ẹ se oúnjẹ níta, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Ẹ ta tapólì.
- Ẹ ra alámù carbon monoxide tó ń lo bátìrì, kí ẹ sì dán an wò nílé. Alámù kò sọ pé kí ẹ wá dáná nínú àgọ́ o. Àfikún ààbò ni.
- Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo yín bọ́ síta kíá, kí ẹ pe 999.

## Ọjọ́ tí ẹ ń lọ gan-an

1. Ẹ wo ojú ọjọ́ ti Met Office lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ wo afẹ́fẹ́ kí ẹ tó wo òtútù. Bí wọ́n bá ti kéde ìkìlọ̀ Amber tàbí Red fún àdúgbò náà, ẹ jókòó sílé. Yellow ń fẹ́ kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi òye bá a lò.
2. Ẹ sọ fún ẹnì kan nílé ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa padà. Orúkọ ibùdó nìkan kò tó, ẹ fi pósítíkóòdù ránṣẹ́.
3. Ẹ débẹ̀ ní aago kan ọ̀sán, ó pẹ́ tán, aago méjì. Ní oṣù kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní London kí aago mẹ́rin tó lù, ti Edinburgh tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kúrò nílé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tọ́ọ̀ṣì ló máa fi wá èèkàn.
4. Ẹ yan ilẹ̀. Ẹ má lọ síbi tó rì jù, torí afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn wálẹ̀ lọ kóra jọ síbẹ̀. Ẹ má lọ sábẹ́ igi tó ti gbó, ẹ má sì lọ sétí odò.
5. Ẹ kọ ẹ̀yìn àgọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹ kan gbogbo èèkàn, ẹ fa gbogbo okùn. Okùn tí ẹ fò nítorí pé "kò sí atẹ́gùn báyìí" ni ẹ máa jáde wá so ní aago mẹ́ta òru.
6. Ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ tú àpò ìsùn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó nílò àkókò láti wú padà.
7. Ẹ se oúnjẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ rọ omi gbígbóná sí fúláàsìkì fún àárọ̀, nítorí omi inú kẹ́ẹ̀gì lè dì mọ́jú.
8. Ẹ pààrọ̀ aṣọ kí òtútù tó mú yín. Àpò ìsùn kì í dá ooru ṣe, ooru tí ẹ bá gbé wọ inú rẹ̀ ló ń tọ́jú. Bí ara bá ti tutù, ẹ rìn kiri díẹ̀ kí ẹ tó wọlé.
9. Rọ́bà omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ tàbí àárín itan. Kí omi rẹ̀ má hó, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ wé e.
10. Ẹ lọ tọ̀ kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Fóònù àti ìbọ̀sẹ̀ ọ̀la, inú àpò ìsùn ni kí wọ́n sùn pẹ̀lú yín. Òtútù máa ń tètè pa bátìrì.
11. Ẹ ṣí fèrèsé atẹ́gùn àgọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dà bí ẹni pé mi ò fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n èémí ẹni mẹ́rin lálẹ́ kan pọ̀, bí kò bá rí ibi jáde, yóò di omi lára àgọ́, yóò sì kán padà sórí yín. Bákan náà, ẹ má ki imú bọ inú àpò ìsùn, ẹ fi fìlà àti ṣáàfù bo ojú.

## Oúnjẹ àti gáàsì

Gàrí ni ọba ibí yìí. Omi gbígbóná nìkan ló ń fẹ́, ẹ̀bà sì máa ń dá ooru dúró nínú ikùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ se ọbẹ̀ nílé, ẹ jẹ́ kó dì nínú fíríísà, kí ẹ gbé e sínú kúlà. Tó bá dalẹ́, ẹ kàn máa gbé e kaná ni. Ẹ̀wà àti ẹran tó le, ẹ má dán an wò, gáàsì yín á tán kó tó rọ̀. Ògì tàbí kuéká fún àárọ̀, àti nǹkan ọlọ́ràá díẹ̀ kí ẹ tó sùn: ẹ̀pà, wàrà, ṣokoléètì. Ọtí á jẹ́ kó dà bí ẹni pé ara gbóná, nígbà tó jẹ́ pé ooru ń jáde lára yín ni.

Bí sítóòfù yín bá ń kú, kì í ṣe àdánù ọjà dandan. Gáàsì butane kì í yọ mọ́ bí òtútù bá ti sún mọ́ 0°C. Propane ṣì ń yọ títí dé nǹkan bí -42°C. Nínú sílíńdà Calor, búlúù ni butane, pupa ni propane. Ẹ má gbé èyí pupa bọ réguléétọ̀ ti búlúù, wọn kì í jọ lò ó. Fún sítóòfù kékeré, ẹ ra agolo tí wọ́n pò butane àti propane pọ̀ fún ìgbà òtútù.

## Ìgbà tó yẹ kí ẹ kó ẹrù

Ẹ má jẹ́ kí owó tí ẹ san dì yín mú. Ẹ kúrò bí afẹ́fẹ́ bá ti tẹ ọ̀pá àgọ́, bí àpò ìsùn ọmọ kan bá ti tutù, tàbí bí ẹnikẹ́ni bá ń gbọ̀n tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó ti wọṣọ tó ti jẹun. Ẹni tó bá ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, tí gbígbọ̀n náà wá dá, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ara rẹ̀ kò tíì yá o, ó ti burú sí i ni. Ẹ bọ́ aṣọ tutù lára rẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, ẹ gbé e kúrò lórí ilẹ̀, kí ẹ pe 999.

Bó bá jẹ́ orí òkè lẹ wà, ẹ ní ọlọ́pàá lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè Mountain Rescue. Níbi tí fóònù kò bá ti lè pè, àtẹ̀jíṣẹ́ lè lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú: ẹ fi ọ̀rọ̀ náà "register" ránṣẹ́ sí 999, kí ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá dá padà. Ẹ ṣe é nílé lónìí.

## Tí ẹ bá padà délé

Àgọ́ ìgbà òtútù kì í gbẹ níbùdó. Ẹ rọ́ ọ sínú àpò ike tàbí sẹ́yìn mọ́tò bó ṣe wà, ẹ má fi àkókò ṣòfò láti ká a dáadáa. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ tú u jáde. Bí ẹ bá ń gbé fúláàtì tí kò ní ọgbà, ẹ gbé e kọ́ ọ̀pá kọ́tìnì ilé ìwẹ̀, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ máa yí i padà láàárọ̀ lálẹ́. Ojú rírán ni kí ẹ fọwọ́ bà, torí ibẹ̀ ló ń gbẹ kẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni èbu ti ń bẹ̀rẹ̀. Àpò ìsùn ní tiẹ̀, ẹ má kì í padà sínú àpò tóóró tó bá a wá. Ẹ gbé e kọ́ sínú wọ́dúróòbù títí di ìgbà tí ẹ bá tún ń lọ.